Lẹ́ni ọdún 58, ṣé mo ṣì lè padà sórí ẹṣin?

Ìyá Onígàárì

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn, torí mo ti ka oríṣiríṣi nǹkan débi pé orí ti fẹ́ máa fọ́ mi, ẹni kan á ní kí n lọ, ẹlòmíì á ní kí n yáa jókòó jẹ́jẹ́ sílé.

Bọ́rọ̀ ṣe rí nìyí. Láti kékeré ni mo ti ń gun ẹṣin, mi ò tíì mọ̀wé kà dáadáa tí wọ́n ti ń gbé mi sórí gàárì, mo sì gùn ún títí mo fi lé lógún ọdún dáadáa. Mo mọ trot, ìyẹn eré kékeré, mo mọ canter, ìyẹn eré tó yára jù ú lọ, mo máa ń fi ẹṣin fo igi kéékèèké náà nígbà yẹn, kò sóhun tó ń bà mí lẹ́rù. Nígbà tí iṣẹ́ dé, ọkọ dé, ọmọ dé, ó kàn pòórá báyẹn ni, kò sọ́jọ́ kan tí mo jókòó tí mo ní ó tó gẹ́ẹ́, mo fi sílẹ̀. Ní báyìí mo ti di ẹni ọdún 58, àwọn ọmọ ti wà nílé wọn, àyè ti wà, ó sì ń wù mí débi pé bí mo bá ń wo ẹṣin nínú fídíò, ìka mi á ti máa ká bí ẹni tó di ìjánu mú, èmi gan-an ò ní mọ̀.

Kí ló wá dá mi dúró? Orúnkún ọ̀tún máa ń dùn mí tí mo bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mo ti sanra ju ti àtijọ́ lọ (ẹ má bi mí pé kílò mélòó o). Dókítà sì ti sọ fún mi rí pé egungun mi ti ń fúyẹ́ díẹ̀, àmọ́ kò tíì burú. Gbogbo ìyẹn ṣì kéré. Ẹ̀rù ń bà mí, ká má parọ́. Mo lọ sí ibùso ẹṣin kan láìpẹ́ yìí, mo ní kí n kàn wò wọ́n, ẹṣin kan ṣáà gbọn orí báyìí, mo ti fò sẹ́yìn. Èmi tí mo máa ń gba abẹ́ ọrùn wọn kọjá nígbà kan! Àbígbẹ̀yìn mi wá ní "Mọ́mì, ẹ ò lè máa ṣe bí ọmọ ogún ọdún mọ́ o", ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra, ṣùgbọ́n mi ò rí èsì kankan fọ̀ fún un.

Nítorí náà: ṣé ó ṣeé ṣe? Ṣé kí n kọ́kọ́ jò kí n tó lọ? Ṣé kí n ra ẹṣin tèmi ni àbí kí n lọ máa kọ́ ọ lọ́dọ̀ tísà bí ẹni tí kò gùn ún rí? Ẹni tó ti ṣe é fúnra ẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀ jù.

Ẹlẹ́ṣin Ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrònú mà. Èmi ti ṣe é, mo ti lé lọ́gọ́ta kí n tó padà, nítorí náà ẹnu ẹni tó débẹ̀ lẹ ti ń gbọ́ ọ yìí.

Ó ṣeé ṣe dáadáa. Àmọ́ ohun kan wà tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi: ara máa ń tètè rántí, ṣùgbọ́n okun kì í tètè dé, àárín àwọn méjèèjì yẹn gan-an ni ewu wà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ tún trot, ìyẹn eré kékeré tó máa ń gbo èèyàn jìgìjìgì yẹn, ara mi kàn bẹ̀rẹ̀ sí í dìde, jókòó, dìde, jókòó lórí gàárì fúnra ẹ̀ ni, ó bá ẹsẹ̀ ẹṣin mu rẹ́gí, mi ò tiẹ̀ ronú sí i. Inú mi dùn, mo ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé, mo ní haa, ó ti parí nìyí, mo ti dé. A ò tíì yí pápá po tán tí itan fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ìdí mi wá ń já lu gàárì gbì, gbì, gbì, ẹṣin aláìṣẹ̀ ló wá ń fi ẹ̀yìn ẹ̀ gbà á. Ẹ rí i, orí yín á máa sọ fún yín pé "mo mọ èyí, ẹ jẹ́ ká sáré", iṣan itan yín ò sì gbọ́ nípa ẹ̀. Ẹni tí kò gun ẹṣin rí á máa ṣọ́ra torí ó mọ̀ pé òun ò mọ nǹkan kan. Àwa tá a ti gùn ún rí la máa ń kó sí i. Nítorí náà bẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ má sọ fún tísà pé "mo mọ canter". Ẹ sọ pé "mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ó ti pẹ́ gan-an".

Gígùn àti sísọ̀kalẹ̀ tún wà níbẹ̀ o, àwọn tó ń kọ̀wé kì í sọ ọ́. Ẹ má gun ẹṣin láti ilẹ̀ẹ́lẹ̀ láéláé, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé àpótí onípele yẹn wá kẹ́ ẹ gorí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gun ẹṣin, kì í ṣe torí àgbà nìkan, ẹ̀yìn ẹṣin náà ń fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, gàárì ò sì ní máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ ó di ìjánu àti irun ọrùn ẹ̀ mú lọ́wọ́ òsì, ẹ ó ti ẹsẹ̀ òsì bọ irin ẹsẹ̀ tó wà lára gàárì, ó kù kẹ́ ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kọjá lórí ìdí ẹṣin. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ̀ pé ìbàdí yín ti dàgbà. Ẹsẹ̀ tó yẹ kó gòkè kọjá á lọ há sórí ìdí ẹṣin, ẹ ó wà níbẹ̀, ẹ ò wálẹ̀, ẹ ò gòkè, tísà á sì máa ṣe bí ẹni tí kò rí yín. Ojú ò gbọdọ̀ tì yín. Ẹ kàn rọra rọ orúnkún ọ̀tún kẹ́ ẹ gbé e kọjá, kẹ́ ẹ sì rọra jókòó, ẹ má já lulẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀, ẹ yọ ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nínú irin, ẹ gbọ́ mi dáadáa, méjèèjì ni o, ẹ tẹ̀ síwájú, ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kọjá, kẹ́ ẹ wá jẹ́ kí ikùn yín fara ti gàárì títí ẹ ó fi rọra yọ̀ wálẹ̀. Ẹ rọ orúnkún kí ẹsẹ̀ tó kan ilẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wálẹ̀ tán, ẹ má tíì rìn, ẹ di gàárì mú fún ìgbà díẹ̀ torí ẹsẹ̀ á máa ṣe yín bákan bí ẹni pé kì í ṣe tiyín. Bí orúnkún yẹn bá sì ń yọ yín lẹ́nu, ẹ ní kí wọ́n gbé àpótí yẹn wá tẹ́ ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ náà. Èmi ń lò ó títí di òní.

Físíò Àwọn Àgbà

Ẹ ṣeun Ẹlẹ́ṣin Ìrọ̀lẹ́, òótọ́ lẹ sọ nípa okun yẹn. Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, físíò ni mí, iṣan àti oríkèé ara ni mò ń tọ́jú.

Ẹ kọ́kọ́ lọ rí dókítà yín, kẹ́ ẹ dárúkọ ẹṣin fún un gbangba, ẹ má kàn sọ pé ẹ fẹ́ máa ṣe eré ìdárayá. Ohun tó máa bi yín léèrè yàtọ̀. Tí àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń wo bí egungun ṣe ki tó (DEXA lorúkọ ẹ̀) bá ti pẹ́ tẹ́ ẹ ṣe é, ẹ tún un ṣe, torí lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró, egungun obìnrin máa ń yára fúyẹ́ láàárín ọdún mélòó kan àkọ́kọ́. Ọrùn ọwọ́, ìbàdí àti egungun ẹ̀yìn ni irú egungun bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ti kán béèyàn bá ṣubú. Kì í ṣe pé mo ní kẹ́ ẹ má lọ o. Egungun tó fúyẹ́ díẹ̀ kì í ṣe ìdájọ́, ó kàn jẹ́ kẹ́ ẹ mọ irú ẹṣin tẹ́ ẹ máa gùn àti irú eré tẹ́ ẹ máa bá a sá ni.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka èyí gbọ́: tẹ́ ẹ bá ń lo oògùn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn fẹ́lẹ́, tí kì í jẹ́ kó dì, tẹ́ ẹ wá ṣubú tẹ́ ẹ forí gbálẹ̀, ọsibítù tààrà. Ẹ má sọ pé ẹ ò gbọ́ ìrora, ẹ má sọ pé hẹ́límẹ́ẹ̀tì wà lórí. Ẹ̀jẹ̀ lè máa dà díẹ̀díẹ̀ nínú agbárí kó má hàn títí dìgbà tó bá yá. Ẹni tí wọ́n sì ti pààrọ̀ egungun ìbàdí fún gbọ́dọ̀ bi dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ náà kó tó la ẹsẹ̀ lórí ẹṣin.

Orúnkún yín ńkọ́? Tí irin ẹsẹ̀ bá ga jù, orúnkún á ká jù, á máa dùn. Ẹ ní kí wọ́n fi ihò kan tàbí méjì sọ awọ tó gbé e dání kalẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa yọ ẹsẹ̀ kúrò nínú ẹ̀ lóòrèkóòrè tí ẹṣin bá ń rìn jẹ́jẹ́, ẹ jẹ́ kó rọ̀ wálẹ̀. Nílé, ẹ máa dúró lórí ẹsẹ̀ kan tẹ́ ẹ bá ń fọ eyín (kẹ́ ẹ sún mọ́ ògiri o). Ẹ máa dìde lórí àga láìfi ọwọ́ ti nǹkan kan, ẹ tún rọra jókòó, ẹ má jẹ́ kí ìdí já lulẹ̀, ohun tí trot máa bèèrè lọ́wọ́ itan yín gan-an nìyẹn. Ẹ sì máa dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kẹ́ ẹ máa dìde. Àwọn èèyàn máa ń fi èyí ṣẹ̀fẹ̀ tí mo bá sọ ọ́, àmọ́ béèyàn bá já lórí ẹṣin, ohun tó kàn ni pé kó lè kúrò níbi tí pátákò ẹṣin wà.

Àti pé ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá jò. Àwọn tó ní àwọn ń dúró jò, ọ̀la, ọ̀la ni wọ́n máa ń sọ, wọn kì í lọ.

Ọmọ Ọlọ́pàṣán

Mọ́mì ẹ lọ jàre!! Hiroshi Hoketsu ti ilẹ̀ Japan gun ẹṣin ní Òlíḿpíìkì Tokyo ní 1964, ó sì tún gùn ún ní ti London ní 2012 nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 71. Nick Skelton, ará Gẹ̀ẹ́sì, kán lọ́rùn ní 2000, ọrùn o, wọ́n ní ó ti parí, òun náà ní òun ti fẹ̀yìn tì, ó padà wá gba góòlù ní Rio ní 2016 lẹ́ni ọdún 58. Ọjọ́ orí yín gẹ́lẹ́! Ọbabìnrin Elizabeth náà ṣì wà lórí ẹṣin lẹ́ni ọdún 94, fọ́tò ẹ̀ wà níta. 58 kéré.

Ẹ Jẹ́ Ká Sòótọ́

Ọmọ Ọlọ́pàṣán, o káre, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn tan ìyá oníyàá jẹ. Hoketsu ò fi ẹṣin sílẹ̀ láàárín ọdún wọ̀nyẹn, kì í ṣe ẹni tó lọ tọ́mọ fún ọgbọ̀n ọdún tó wá padà dé. Skelton, iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ẹ̀ ni ẹṣin, àwọn dókítà àtàwọn olùtọ́jú yí i ká. Ti ọbabìnrin yẹn, ẹ wo fọ́tò náà dáadáa: ẹṣin kékeré, ẹṣin tó tutù, ó sì ń rìn jẹ́jẹ́. Ìyẹn lẹ bá mú kọ́gbọ́n, mi ò ní bá yín jà. (Ẹ má ṣáà kọ́ ti orí ẹ̀ o, síkáàfù ló so.)

Èmi gùn ún láti kékeré bíi tiyín, mo sì pinnu pé mi ò ní gùn ún mọ́. Ẹ̀yìn mi ò gbà á. Mo ń lọ síbùso lọ́ṣẹ̀ lọ́ṣẹ̀, mo ń fọ ẹṣin, mo ń ya irun ẹ̀, mo ń fi okùn fà á rìn, mo ń kọ́ ọ láti fẹsẹ̀ lé orí pátákó, láti dúró, láti padà sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé mi ò kì í ṣe ẹlẹ́ṣin mọ́. Tí dókítà yín bá ní rárá, ẹ má rò pé gbogbo ẹ̀ ti tán nìyẹn.

Kóòṣì Pápá

Ọ̀rọ̀ yín dùn mọ́ mi nínú gbogbo yín. Àwọn àgbà tó ń padà wá pọ̀ lọ́dọ̀ mi, mo fẹ́ràn wọn ju ọmọdé lọ láti kọ́ torí wọ́n máa ń bèèrè ìdí. Àmọ́ wọ́n tún máa ń ṣàníyàn ju bó ṣe yẹ lọ nípa ohun tí kò tó nǹkan, wọn ò sì ní bèèrè èyí tó ṣe pàtàkì, ìyẹn ẹṣin wo?

Mà, ẹṣin tẹ́ ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ ló máa pinnu gbogbo ẹ̀. Ẹ má mú ọmọ ẹṣin. Ẹ má mú èyí tí wọ́n ní "ó dáa, ó kàn ń yára díẹ̀ ni". Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní àgbà ẹṣin, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún, tó ti gbé ọmọdé, tó ti gbé arúgbó, tí atẹ́gùn bá fẹ́ ọ̀rá kọjá níwájú ẹ̀ tí kò ní ju kó wò ó lọ. Ẹ má jẹ́ kó ga jù torí ibi tó ga lèèyàn ti ń já jìnnà. Ẹ má sì jẹ́ kó fẹ̀ jù, ibí yìí làwọn èèyàn kì í rò: ẹṣin tó sanra rọ̀bọ̀tọ̀, ìrísí ẹ̀ máa ń fọkàn ẹni balẹ̀, àmọ́ béèyàn bá jókòó lé e, àfi bí ẹni tó la ẹsẹ̀ lórí tábìlì, ìbàdí àgbà ò lè gba ìyẹn fún ìdajì wákàtí.

Ọ̀rọ̀ kílò yẹn, mi ò ní bi yín, àmọ́ ẹ fúnra yín sọ ọ́ fún wọn níbẹ̀ láìtijú, torí ẹṣin nìyẹn wà fún. Òṣùwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ń lò ni pé ẹni tó gùn ún àti gàárì lápapọ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ẹṣin lọ, bí ẹṣin bá wọn 500 kílò, 100 kílò ni gbogbo ẹrù ẹ̀yìn ẹ̀. Èmi máa ń fẹ́ kó dín sí i fún ẹṣin tó ti dàgbà.

Ẹ má ra ẹṣin báyìí rárá. Ẹṣin lè gbé ọdún 25 sí 30 láyé, ẹ ò tíì mọ̀ bóyá orúnkún yín máa bá yín dé oṣù tó ń bọ̀. Ẹ kọ́ ọ lórí ẹṣin ẹlòmíì, tó bá yá, ẹ wá ẹni tẹ́ ẹ jọ máa pín ẹṣin kan lò. Ẹ sì ní kí tísà fi okùn gígùn bẹ̀rẹ̀: òun á dúró láàárín, á di okùn mú, ẹṣin á máa yí i po, òun ló máa darí ẹ̀, tiyín ò ju kẹ́ ẹ jókòó dáadáa lọ. Ẹ má rò pé ti ọmọdé nìyẹn. Àwọn tó ń gun ẹṣin ní Òlíḿpíìkì ṣì ń ṣe é láti fi tún ìjókòó wọn ṣe.

Ohun èlò: hẹ́límẹ́ẹ̀tì tí ẹ lò nígbà ọ̀dọ́ yẹn, tó bá ṣì wà nílé, ẹ kó o dànù. Tuntun ni kẹ́ ẹ rà, kó bá orí yín mu, kẹ́ ẹ mi orí kó má yí. Tó bá gbálẹ̀ gidi lẹ́ẹ̀kan, ó ti ṣiṣẹ́ ẹ̀ tán, fóòmù inú ẹ̀ ti wó bí ẹ ò bá tiẹ̀ rí i, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é ló sì ní kéèyàn pààrọ̀ ẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún márùn-ún kódà tí kò bá gbálẹ̀. Bàtà gbọ́dọ̀ ní gìgísẹ̀ tó yọ díẹ̀ kí ẹsẹ̀ má bàa yọ́ wọ inú irin kọjá, torí ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ há síbẹ̀ tí ẹṣin ń fà lọ nìyẹn, ìyẹn burú ju jíjábọ́ lọ. Irin ẹsẹ̀ kan wà tó máa ń ṣí fúnra ẹ̀ tí ẹlẹ́ṣin bá já, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní in. Ẹ̀wù tó ń dáàbò bo àyà àti ẹ̀yìn náà, fún egungun tiyín, ẹ wọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀já abẹ́ ikùn kí n tó lọ, torí mi ò kì í fọwọ́ kékeré mú un. Àwọn ẹṣin kan gbọ́n. Bí wọ́n bá ti rí i pé ẹ fẹ́ fún ọ̀já gàárì, wọ́n á le ikùn, wọ́n á wú, ẹ ó fún un tán, ẹ ó rò pé ó ti le. Ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á mí jáde, ọ̀já á dẹ̀. Ẹni tó bá wá fi gbogbo ara ẹ̀ rọ̀ mọ́ irin ẹsẹ̀ òsì nígbà yẹn, gàárì á yípo lọ sábẹ́ ikùn ẹṣin pẹ̀lú òun. Nítorí náà ẹ fún un, ẹ fà á rìn díẹ̀, ẹ tún wá ki ìka bọ abẹ́ ẹ̀ wò, ẹ tún un fún kẹ́ ẹ tó gùn ún. Tẹ́ ẹ bá ti wà lórí ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹ ní kí tísà tún yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìyá Onígàárì

Haa, ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an, mi ò mọ̀ pé èèyàn máa dá mi lóhùn tó báyìí. Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tábìlì yẹn pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ti pe dókítà, ó ní kí n wá ṣe àyẹ̀wò egungun yẹn, mo sì dárúkọ ẹṣin bí Físíò ṣe wí, ó dákẹ́ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

Àmọ́ kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn ọ̀rọ̀ ẹ̀rù yìí. Ẹ̀yin ń sọ ti itan àti ti ìbàdí, èmi ẹ̀rù ló ń bà mí kí n tó dé ìdí àpótí. Wọ́n máa ń sọ pé ẹṣin máa ń mọ̀ tí ẹ̀rù bá ń bani, ṣé òótọ́ ni? Torí tó bá jẹ́ òótọ́, ó ti bà jẹ́ nìyẹn.

Ẹlẹ́ṣin Ìrọ̀lẹ́

Òótọ́ ni, kò sì bà jẹ́. Àwọn onímọ̀ kan ní Sweden dán an wò, ìwádìí wọn jáde ní 2009: wọ́n sọ fún àwọn tó ń fa ẹṣin àtàwọn tó ń gùn ún pé wọ́n máa ṣí agboòrùn lójijì níwájú ẹṣin tí wọ́n bá dé ibì kan. Wọn ò ṣí i. Síbẹ̀ àyà àwọn èèyàn yẹn yára lù bí wọ́n ṣe ń dé ibẹ̀, àyà ẹṣin náà sì yára lù, ẹṣin tí kò gbọ́ nǹkan kan nípa agboòrùn. Nítorí náà ẹ ò lè purọ́ fún un. Àmọ́ ohun tó ń gbọ́ lára yín ni mímí tẹ́ ẹ sé, ọwọ́ tó le, itan tó fún un pinpin, gbogbo ìyẹn lẹ lè ṣe nǹkan sí, bí ẹ̀rù fúnra ẹ̀ ò bá tiẹ̀ lọ.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Mi ò gun ẹṣin kankan ní gbogbo ìgbà tí mo kọ́kọ́ ń lọ. Mo ń lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká ẹ̀ ni, torí ibẹ̀ ló ti lè rí èèyàn dáadáa (kì í rí ẹni tó bá wà tààrà lẹ́yìn ẹ̀, kì í sì í rí abẹ́ imú ara ẹ̀). Mo gbé ọwọ́ lé e lọ́rùn, mo ń wo etí. Etí tó kọ iwájú, ó ń wo nǹkan. Etí tí ọ̀kan lọ ọ̀tún tí ọ̀kan lọ òsì, kò sí wàhálà. Etí tó lẹ̀ mọ́ orí pátápátá sí ẹ̀yìn, inú ń bí i, ẹ kúrò níbẹ̀. Nígbà tó yá ni mo wá rí i pé ọ̀pọ̀ ohun tó ń mú mi fò kì í ṣe nǹkan kan. Èyí tó gbọn orí lójú yín yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ eṣinṣin ló ń lé.

Nígbà tí mo gùn ún, mo ń kọrin. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ń kọrin ò lè sé èémí, orin kan náà ni mo sì ń kọ títí ó fi sú tísà.

Kóòṣì Pápá

Orin kì í sú àwa tísà tó ti àwọn tó ń pariwo "whoa" kí ẹṣin lè dúró. 😄 Mà, Ẹlẹ́ṣin Ìrọ̀lẹ́ ti sọ ọ́. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé ẹ̀rù yẹn kì í ṣe àìsàn, ní ogún ọdún ẹ ò mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀, ní báyìí ẹ mọ̀. Mi ò fẹ́ kọ́ àgbà tí ẹ̀rù ò bà rárá, ìyẹn ló ń ba èmi lẹ́rù. Ohun tó máa ń mú un dín kù ni kẹ́ ẹ ní nǹkan tẹ́ ẹ lè ṣe. Ẹ ní kí tísà yín kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń fi ìjánu kan ṣoṣo yí orí ẹṣin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè máa yípo kékeré títí á fi dúró, kẹ́ ẹ kọ́ ọ nígbà tí ẹṣin bá ń rìn, kẹ́ ẹ tún un kọ́ títí ọwọ́ yín á fi mọ̀ ọ́n, torí ẹni tó bá ń fa méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹṣin á kàn gbára lé ìjánu ni, á máa lọ. Ẹ sì ní kó so okùn kan mọ́ ẹṣin lọ́rùn tẹ́ ẹ lè dì mú dípò kẹ́ ẹ máa rọ̀ mọ́ ìjánu tó wà lẹ́nu ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá sì sọ pé ó tó fún tòní, ó tó. Tísà tó bá ní "ẹ kàn tún ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i" lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti sọ bẹ́ẹ̀, ẹ wá ẹlòmíì.

Ẹ Jẹ́ Ká Sòótọ́

Ibi tí Kóòṣì dé yìí, mo fọwọ́ sí i. Wọ́n ní bí ẹṣin bá dáni, à á tún un gùn, mo gbà, àmọ́ ẹni tó pa òwe yẹn ò sọ pé ó gbọdọ̀ jẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ìyá Onígàárì

Àyẹ̀wò ti wọlé o, dókítà ní kí n lọ, ìrìn jẹ́jẹ́ àti trot, kò sí fífo igi, mo ní mo gbọ́. Ibùso yẹn ní àgbà ẹṣin kan, abo, wọ́n ní kò ga, wọ́n ní ó máa ń sùn tí wọ́n bá ń fọ̀ ọ́. Mo ti lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká ẹ̀, ó gbọ́ òórùn àpò mi, kò rí nǹkan kan, ó gbójú kúrò. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa fi okùn gígùn bẹ̀rẹ̀ fún mi.

Ìbéèrè kékeré kan ló kù: mi ò tíì fẹ́ ra ṣòkòtò ẹṣin, ṣé kí n wọ jíìnsì lọ?

Ẹlẹ́ṣin Ìrọ̀lẹ́

Ẹ má wọ jíìnsì! Ibi tí wọ́n ti rán an pọ̀ lábẹ́ itan yẹn nípọn, á bó yín lára, ẹ ò ní lè jókòó lọ́jọ́ kejì. Ẹ wọ ṣòkòtò tó fún mọ́ra, tó ń fà, tí ìránpọ̀ ò sí lábẹ́ ẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe eré ìdárayá, kó gùn dé ọrùn ẹsẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ gígùn lé e lórí. Tó bá ń yọ̀ lórí gàárì, ẹ ní kí wọ́n bá yín wá gàárì tí ojú ẹ̀ ò dán jù.